DNA máítókọ́ńdríà àti bí aláìsàn jẹjẹrẹ ṣe ń pẹ́ tó: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni DNA máítókọ́ńdríà, ibo ló sì wà?

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, DNA ńlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà nínú núkílíọ́ọ̀sì ní àárín. Lẹ́yìn odi, nínú máítókọ́ńdríà tó ń fi oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ṣe agbára, DNA kékeré mìíràn tún wà. Ó ká róbótó, lẹ́tà 16,569 ni gígùn rẹ̀ (A, C, G àti T ni lẹ́tà DNA), jíìnì 37 ló sì wà lórí rẹ̀. Mẹ́tàlá nínú jíìnì náà ń ṣe purotéènì, 22 ń ṣe tRNA, 2 tó kù ń ṣe rRNA (méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nínú kíkọ́ purotéènì). Gbogbo purotéènì mẹ́tàlá yẹn ló wà nínú ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mí: 7 nínú ẹ̀ka kìn-ín-ní, 1 nínú ẹ̀ka kẹta, 3 nínú ẹ̀ka kẹrin, 2 nínú ẹ̀ka karùn-ún. Ẹ̀ka kejì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí lẹ́tà kan bá yí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó kan ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà rí agbára ní tààrà.

Ẹ̀dà méjì péré ni sẹ́ẹ̀lì kan ní nínú ọ̀pọ̀ jùlọ jíìnì núkílíọ́ọ̀sì. Ti máítókọ́ńdríà yàtọ̀: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà ló máa ń wà, ó sì lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ibí ni púpọ̀ nínú ìṣòro tó wà nínú kíka DNA yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan la ti ń jogún rẹ̀. Ṣé ìyá mi ló wá kó jẹjẹrẹ ràn mí nìyẹn?

Rárá o. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni DNA yìí ti ń wá; ti bàbá kì í kọjá sí ọmọ. Ṣùgbọ́n jíìnì àjogúnbá tí a mọ̀ dájú pé ó ń mú kí jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ìdílé, irú bíi BRCA1 àti BRCA2 fún jẹjẹrẹ ọmú, inú núkílíọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ọ̀dọ̀ ìyá ni ènìyàn lè ti jogún wọn. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin bá ní jẹjẹrẹ ọmú ní kékeré, ẹ sọ fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sọ ọ́, torí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ọmú, ọ̀rọ̀ ìhà ìyá ni.

Irú ìyípadà wo nínú DNA yìí ni àwọn onímọ̀ ń so mọ́ jẹjẹrẹ nígbà náà?

Oríṣi méjì ni, ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò ṣi ìròyìn ìwádìí lórí rẹ̀ kà.

Ti àkọ́kọ́ ni ìyípadà tí a bí mọ́ ènìyàn. Ó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, nínú ìyá rẹ̀, àti nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Àkójọ irú àwọn ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pín aráyé sí haplogroup: H pọ̀ ní Yúróòpù, L0, L1, L2 àti L3 jẹ́ ti Áfíríkà. Àwọn ẹ̀ka L1, L2 àti L3 wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, wọ́n sì bá àwọn ìyá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà. Haplogroup dà bí oríkì orílẹ̀ ti ìhà ìyá: ó ń sọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, kò sọ bí ayé ẹni yóò ṣe rí.

Ti èkejì ni ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kò sì kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí DNA kókó 1,675, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe èéfín sìgá tàbí oòrùn ló fà á. Àpẹẹrẹ tí wọ́n rí jọ àṣìṣe tó ń wáyé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da DNA yìí kọ. Àwọn oníwádìí Memorial Sloan Kettering ní New York náà tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2021, wọ́n rí irú ìyípadà yìí nínú nǹkan bí mẹ́fà nínú kókó mẹ́wàá. Kì í ṣe nǹkan àrà rárá.

Kí ni heteroplasmy? Mo rí i nínú èsì àyẹ̀wò kan.

Ó jẹ́ ìpín ẹ̀dà tó ti yí nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ní ẹ̀dà 1,000, tí 300 nínú wọn ní ìyípadà, heteroplasmy rẹ̀ jẹ́ 30%. Ẹ̀dà tó kù dáa, ó sì lè máa gbé iṣẹ́ lọ. Nínú àwọn àrùn máítókọ́ńdríà tí a ti mọ̀ tipẹ́, ìpín náà sábà máa ń ní láti kọjá 60% sí 90% kí àìsàn tó hàn.

Ìdí nìyí tí èsì tó kàn sọ pé “a rí ìyípadà” kò fi wúlò tó. Ẹ béèrè mẹ́ta: mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni? Ṣé ó ba purotéènì náà jẹ́, tàbí ó kàn yí lẹ́tà láìyí iṣẹ́? Ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, tàbí nínú kókó nìkan? Ìkẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ń sọ bóyá àjogúnbá ni tàbí ti jẹjẹrẹ.

Ṣé ìyípadà wọ̀nyí ń mú kí aláìsàn tètè kú, àbí kó pẹ́?

Ó dá lórí irú jẹjẹrẹ. Ìdáhùn tó já gaara kan fún gbogbo jẹjẹrẹ kò sí, ẹni tó bá sì ń tà á fún yín, ẹ yẹra fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìhà tí ìyípadà náà ti dà bí ohun búburú. Ní 2005, wọ́n fi ìyípadà kan nínú jíìnì ATP6, èyí tó wà ní ipò 8993, sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pírósíteèti, wọ́n gbìn ín sára eku. Kókó tó ní ìyípadà náà dàgbà ju èyí tí kò ní in lọ. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Japan pààrọ̀ DNA máítókọ́ńdríà láàárín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eku tó ń tàn kálẹ̀ àti èyí tí kì í tàn. Èyí tó gba DNA tó ní ìyípadà nínú ND6 bẹ̀rẹ̀ sí í tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀ka kìn-ín-ní tó ti bàjẹ́ ń tú ọ̀pọ̀ èròjà ọ́síjìn tó ń jóni jáde. Nígbà tí wọ́n fi oògùn pa èròjà yẹn, ìtànkálẹ̀ náà dín kù.

Ní ìhà kejì, nínú iṣẹ́ New York ti 2021 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí kókó wọn ní ìyípadà DNA máítókọ́ńdríà pẹ́ láyé ju àwọn tí kókó tiwọn kò ní in lọ. Ẹ tún wo kókó iwe kan tí wọ́n ń pè ní oncocytoma: ìyípadà tó ń gé purotéènì ẹ̀ka kìn-ín-ní kúrú wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kókó jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà tàn. Máítókọ́ńdríà tó ti dẹnu kọlẹ̀ kún inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bámúbámú, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì rí agbára tó láti máa sáré. Ní 2024, ìwádìí nínú eku tún fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara melanoma tó ní ìyípadà nínú Nd5 tètè ń gbọ́ oògùn tó ń tú ọmọ ogun ara sílẹ̀, irú èyí tó ń dènà PD-1, ìjánu kan lára ọmọ ogun ara.

Ohun kan náà tó bàjẹ́ lè ran jẹjẹrẹ kan lọ́wọ́, kó sì di ẹrù lọ́rùn òmíràn. Ibi tí kókó wà, ìpín ẹ̀dà tó yí, irú oògùn tí aláìsàn ń gbà, gbogbo rẹ̀ ló ń yí ìtumọ̀ èsì náà padà.

Mo kà pé ipò 10398 ń fa jẹjẹrẹ ọmú fún obìnrin aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni?

Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2005 sọ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ní lẹ́tà A ní ipò 10398, nínú jíìnì ND3, ni ewu jẹjẹrẹ ọmú tirẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn bí iná ọyẹ́. Nígbà tí ìwádìí tó ní aláìsàn púpọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, kò rí i bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní ipò yìí, G ló pọ̀ jù láàárín àwọn tí ìran ìyá wọn jẹ́ ti Áfíríkà. A ló pọ̀ jù ní Yúróòpù. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn aláìsàn inú ìwádìí bá ní ìdàpọ̀ Yúróòpù díẹ̀ ju àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé lọ, lẹ́tà A yóò dà bí ọ̀daràn láìṣẹ̀. Oúnjẹ, ọjọ́ orí ìbímọ, owó, àdúgbò, gbogbo rẹ̀ lè máa rìn pọ̀ mọ́ ìran. Ẹ sì kíyè sí i pé ewu níní àrùn ni ìwádìí náà wò. Bí aláìsàn yóò ṣe pẹ́ tó jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Àwọn ìwé ìròyìn máa ń po méjèèjì pọ̀.

Kí ló kan Yorùbá gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Nínú iṣẹ́ HapMap, tó ṣe àkójọ ìyàtọ̀ DNA aráyé, ìdílé 30 láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àmì YRI tí ẹ ń rí káàkiri ìwé ìmọ̀ jíìnì, àwọn ni.

Èyí tó kan DNA máítókọ́ńdríà tún jinlẹ̀. Kí wọ́n tó lè sọ pé lẹ́tà kan yí, wọ́n ní láti fi DNA aláìsàn wé àkọsílẹ̀ kan. Cambridge ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka odindi rẹ̀ ní 1981, wọ́n tún un ṣe ní 1999. rCRS ni orúkọ rẹ̀, ìran Yúróòpù, H, ló sì jẹ́. Ṣùgbọ́n chrM (orúkọ DNA máítókọ́ńdríà nínú fáìlì) tó wà nínú hg19, àkọsílẹ̀ odindi DNA ènìyàn tí UCSC, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2009, kì í ṣe rCRS. DNA Yorùbá kan ni, NC_001807 ni nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́tà 16,571 ló ní. Àwọn lẹ́tà tó fi yàtọ̀ sí rCRS ń mú kí nọ́ńbà ipò sún ní àwọn ibì kan. Ẹni tó bá fi hg19 yẹn ka dátà, tó wá lọ wá ìtumọ̀ ipò náà nínú MITOMAP, àkójọ ìyípadà DNA máítókọ́ńdríà tó ń lo rCRS, lè fi lẹ́tà kan tàbí méjì ṣi ipò náà. Ẹ wo ìwọ̀n chrM nínú fáìlì yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun: 16,569 ni rCRS, 16,571 ni ti Yorùbá. hg38, àkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé hg19, ti lo rCRS, ìṣòro yìí kò sí níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì tó ń kan wa ni pé bí wọ́n bá fi DNA ọmọ Yorùbá wé rCRS, ìyàtọ̀ tó máa jáde pọ̀ gan-an ju ti ará Yúróòpù lọ. Àmì ìran ni gbogbo rẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Oníṣẹ́ tí kò bá ka ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà pọ̀ mọ́ kókó rẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ yìí ní ìyípadà rẹpẹtẹ, á wá fi ikú tí àìrówó ìtọ́jú fà di ẹ̀bi jíìnì. Inú wa kì í dùn tá a bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà, ibo ló sì ti ń bàjẹ́?

Èyí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù.

Ẹ gba nǹkan méjì lára aláìsàn kan náà: ẹran kókó àti ẹ̀jẹ̀. Inú ìgò EDTA ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sí. Ẹ má lo ti heparin, torí heparin ń dí PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀, lọ́wọ́. Bí ẹ bá lè fi yìnyín pa ẹran náà mọ́ kíákíá, ó dára jù. Èyí tí wọ́n ti rì sínú fọ́málíìnì tí wọ́n sì fi ìda dì ṣì ṣeé lò, ṣùgbọ́n fọ́málíìnì ń gé DNA kélekèle, ó sì ń sọ C di T. Ìyípadà C sí T tí ìpín rẹ̀ kéré nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí i.

Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ẹran ara wo gíláàsì rẹ̀ kí ẹ tó yọ DNA. Bí ìdajì ẹran náà bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, heteroplasmy 80% lè hàn bí 40%.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ fi PCR gígùn kó òrùka náà ní ègé méjì tó bo ara wọn létí, kí ẹ tó kà á. Kí ló dé tí a fi fẹ́ ègé gígùn? Torí NUMT ni. Láti ayébáyé ni ègé DNA máítókọ́ńdríà ti ń sá wọ inú núkílíọ́ọ̀sì, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ègé PCR kúkúrú lè kó wọn mọ́ra, wọn á sì jáde bí heteroplasmy kékeré. Ègé gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn mu. Ibi tí C tò gbọọrọ, ní ipò 303 sí 315, tún máa ń da ẹ̀rọ rú; ọ̀pọ̀ láàbù kì í gba ìyípadà ibẹ̀ gbọ́ láìtún un yẹ̀ wò.

Ìpààrọ̀ ìgò náà ń ṣẹlẹ̀. Bí haplogroup ẹ̀jẹ̀ àti ti kókó bá yàtọ̀, ẹni méjì lẹ kà. Ẹ má pe ìyàtọ̀ yẹn ní ìwárí tuntun. Àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ti bọ́ sínú kòtò yìí.

Iye ẹ̀dà ńkọ́?

Òun náà ń yí. Ìwádìí 2016 lórí oríṣi jẹjẹrẹ 22 rí i pé iye ẹ̀dà dín kù nínú púpọ̀ wọn, pàápàá ti ọmú, àpò ìtọ̀ àti iwe, ó sì pọ̀ sí i nínú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan. Nínú àwọn jẹjẹrẹ díẹ̀, iye yìí bá bí aláìsàn ṣe pẹ́ tó rìn.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá ń wọn iye ẹ̀dà nínú ẹ̀jẹ̀: plétílẹ́ẹ̀tì, wóró tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ní máítókọ́ńdríà ṣùgbọ́n kò ní núkílíọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ń pín ND1 (jíìnì máítókọ́ńdríà) sí B2M (jíìnì núkílíọ́ọ̀sì), plétílẹ́ẹ̀tì tó bá kù nínú ìgò yóò mú kí iye náà fò sókè lásán. Kímò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ń yí iye plétílẹ́ẹ̀tì padà, torí náà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé fi wé èyí tí wọ́n gbà láàárín rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìwádìí kan lórí ìwàláàyè ṣeé gbára lé?

Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní hazard ratio. 1 túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀, 1.5 túmọ̀ sí pé, ní àkókò èyíkéyìí, bí ikú ṣe ń dé bá ẹgbẹ́ tó ní ìyípadà yá ju ti èkejì lọ ní ìdajì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àlàfo 95% tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ 1.5, àlàfo rẹ̀ 0.9 sí 2.5: 1 wà nínú àlàfo yẹn, nítorí náà èsì náà kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n yọ ipa ọjọ́ orí, ìpele àrùn àti irú ìtọ́jú kúrò nínú ìṣirò. Ẹ béèrè iye ipò DNA tí wọ́n yẹ̀ wò: bí wọ́n bá wo 100, tí wọ́n sì ń lo òté 0.05 (ààlà tí wọ́n fi ń gbà pé èsì kì í ṣe èèṣì), nǹkan bí márùn-ún lè jáde bí òótọ́ nípa orí ire lásán. Paríparí rẹ̀, ṣé ẹgbẹ́ aláìsàn mìíràn, níbòmíràn, ti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ṣé kí n wá owó ṣe àyẹ̀wò yìí?

Bí ẹ bá jẹ́ aláìsàn, rárá. Títí di báyìí, DNA máítókọ́ńdríà inú kókó kì í ṣe ohun tí dókítà fi ń yan ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ìfun ńlá. Ẹ kọ́kọ́ ná owó yẹn sórí ohun tó ń yí ìtọ́jú padà. Fún ọmú: àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, àmì tó ń sọ irú oògùn tí jẹjẹrẹ náà lè gbọ́, lórí ẹran tí wọ́n gé. Fún ìfun ńlá: àyẹ̀wò MMR tàbí MSI (bóyá kókó ṣì ń tún àṣìṣe DNA rẹ̀ ṣe), àti ti jíìnì RAS bí àrùn bá ti tàn. Fún gbogbo rẹ̀: ìpele àrùn, tí wọ́n fi àwòrán yẹ̀ wò dáadáa.

Ìwádìí ABC-DO, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún. Láàárín àwọn ti Nàìjíríà, tí wọ́n gbà ní apá gúúsù ìlà-oòrùn, 36% ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Namibia, 90%. Pípẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn àti àìrí ìtọ́jú gbà parí ló wà nídìí púpọ̀ nínú àlàfo yẹn. Kò sí ìyípadà DNA máítókọ́ńdríà kan tí a mọ̀ tí agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n má jẹ ṣúgà, kí n sì máa lo metformin, torí máítókọ́ńdríà jẹjẹrẹ ti bàjẹ́.

Otto Warburg ló rí i ní àwọn ọdún 1920 pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń jẹ ṣúgà púpọ̀ kódà níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó gbà pé máítókọ́ńdríà wọn ló bàjẹ́. Ohun tí ó rí tọ̀nà. Àlàyé tí ó ṣe ni kò bá gbogbo rẹ̀ mu, torí máítókọ́ńdríà ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, ń dí ẹ̀ka kìn-ín-ní lọ́wọ́, ìyẹn ló mú kí àwọn ènìyàn ní ìrètí. Wọ́n dán an wò nínú ìwádìí MA.32 pẹ̀lú aláìsàn jẹjẹrẹ ọmú 3,649 tí kò ní àtọ̀gbẹ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022: metformin kò dènà kí jẹjẹrẹ padà ju oògùn òfìfo lọ. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má dá a lò. Ní ti oúnjẹ, aláìsàn tó ń gba kímò tí kò jẹun yóò rù, ara rẹ̀ kò sì ní lè gba ìwọ̀n oògùn tó yẹ.

Ṣé ìyípadà DNA máítókọ́ńdríà kankan wà tó yẹ kí aláìsàn jẹjẹrẹ tiẹ̀ sọ fún dókítà?

Ó wà, kò sì jẹ mọ́ kókó rárá. Ìyípadà m.1555A>G nínú jíìnì MT-RNR1, àjogúnbá láti ọ̀dọ̀ ìyá, ń mú kí gentamicin, amikacin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ba etí jẹ́ pátápátá, nígbà míràn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ìyípadà náà mú kí rRNA máítókọ́ńdríà jọ ti kòkòrò àrùn, oògùn náà wá lẹ̀ mọ́ ọn. m.1494C>T náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kímò máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun aláìsàn lọ sílẹ̀. Bí ibà bá wá dé, gentamicin tàbí amikacin wà lára oògùn tí wọ́n lè fún un ní kíákíá. Ní Manchester, wọ́n ti lo ẹ̀rọ kékeré kan fún ọmọ tuntun tó ń fi ìyípadà m.1555A>G hàn láàárín ìṣẹ́jú 26. Níbi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí, ìtàn ìdílé ni ohun èlò tó wà lọ́wọ́. Bí ẹ̀yin, ìyá yín, ìyá ìyá yín, tàbí ọmọ ìyá yín kan bá di adití lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ sọ ọ́ kí kímò àkọ́kọ́ tó wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú fáìlì yín. Dókítà á wá oògùn mìíràn tó lè pa kòkòrò náà. Bí kò bá sí òmíràn tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu, ó ṣì lè lo gentamicin, ṣùgbọ́n á mọ ohun tó ń ṣe, á sì máa yẹ etí yín wò.